Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Bàbá Oníbúrẹ́dì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù kí ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ lè bú mi bó ṣe wù yín. N kò ní bínú, n kò sì ní sá.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ikùn mi láti ìgbà tí ọmọ mi ti wà ní kékeré. Ọmọ náà ti di bàbá ọmọ báyìí. Pásítọ̀ mi ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí n má tú ohun tó ti rọlẹ̀. Ọkọ mi náà bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ títí tí òun yóò fi kú. Mo ṣe tirẹ̀ fún un. Ó ti kú. Mo wá ń sọ ọ́.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kàdúná. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ìyàgbà ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n n kò mọ ilé bí mo ṣe mọ Tudun Wada, àdúgbò tí mo ti dàgbà ní Kàdúná. Hausa ni mo fi ń nájà, Yorùbá ni mo fi ń gbàdúrà.

Ní àsìkò tí mo ń sọ yìí, ìjà ẹ̀sìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ní ìlú ni. Àwọn Mùsùlùmí ń kó lọ bá àwọn Mùsùlùmí, àwa Kìrìsìtẹ́nì ń kó lọ bá ara wa. Àdúgbò tí à ń gbé ní gúúsù odò wá di ti oníṣọ́ọ̀ṣì. Ìdílé Mùsùlùmí kan ṣoṣo ló kù tí kò kó lọ. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, Ọ̀fà ni wọ́n ti wá. Bàbá Nàfí ni à ń pe ọkùnrin náà. Búrẹ́dì ló ń ṣe, ilé búrẹ́dì rẹ̀ sì kọjú sí ilé wa.

Búrẹ́dì náà dára. Nígbà tí ìjà le, tí ẹnikẹ́ni kò lè jáde, ọkùnrin yìí ń ju búrẹ́dì sí wa láti orí ògiri. Kò bèèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni kó tó jù ú.

Ọmọ rẹ̀, Nàfísátù, wà ní kíláàsì mi. Ọmọ tó máa ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan ni.

Ní táàmù yẹn, mo kọ́ wọn ní ìdí tí ìjọba Násì ní ilẹ̀ Jámánì fi dìde sí àwọn Júù. Mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo sọ fún wọn pé àwọn ará Jámánì jagun, wọ́n pàdánù, ojú tì wọ́n, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Mo sọ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé owó wọn di bébà lásán. Mo sọ pé ìkórìíra náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́, pé láti ayé àtijọ́ ni àwọn oníwàásù ti ń sọ pé àwọn Júù ló pa Jésù, pé nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kan pa àwọn ará Yúróòpù láyé ọjọ́un, wọ́n ní àwọn Júù ló da májèlé sínú kànga. Ọkùnrin kan tó ń wá agbára wá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ó fi rédíò àti fíìmù àti ìwé àwọn ọmọdé gbé e kiri, ó tún fi kún un pé ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an ni kò dára, kódà kí wọ́n yí ẹ̀sìn padà.

Nàfí nawọ́ sókè. "Ma, kí ni àwọn Júù náà ṣe gan-an?"

"Wọn kò ṣe nǹkan kan," ni mo dá a lóhùn. "Àwọn kan nínú wọn ti jagun fún Jámánì, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn yòókù ló ń wá ẹni tí wọn yóò nàka sí."

Mo dá a lóhùn dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti wúwo. N kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ó wá di ẹni tó ń jókòó síwájú ilé láti àárọ̀, tó ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọ́ lọ ra búrẹ́dì ní òdìkejì. Mo ń rí ojú rẹ̀, ó sì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kan, Tólú ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ náà gbẹ bí ewé. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára.

Ẹ̀wà àná ni mo fún un jẹ. Kò sí kẹrosíìnì tí mo lè fi gbé e kaná. Ẹ̀wà náà ti ń kan. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti ń kan, mo sì bù ú fún ọmọ mi, torí ebi ń pa á, èmi náà sì ń kánjú lọ síbi iṣẹ́.

Ọkọ mi dúró ti ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yíjú sí mi. "Kí lo fún ọmọ mi jẹ?"

"Búrẹ́dì," ni mo sọ.

Ẹ̀rù ló sọ ọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mìíràn lè sọ ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, n kì bá tí kọ̀wé yìí.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ síbi ẹ̀rọ omi. Ìlà gùn. Ìyá kan tó ń ta ọṣẹ ní àdúgbò bèèrè àlàáfíà Tólú. Mo ní ó ti ń sàn, pé búrẹ́dì ló jẹ. Gbogbo ìlà yíjú sí mi. Ó wá ní, "Búrẹ́dì ta ni?"

Kò sí ẹni tí kò mọ búrẹ́dì ta ni. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe búrẹ́dì ní àdúgbò wa. Mo mọ ohun tí ìbéèrè náà ń wá. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ. Mo lè ní n kò mọ̀. Mo lè ní ẹ̀wà ni.

Mo ní, "Ta ni ká tún ní? Ṣé ẹ ò mọ àwọn tó fẹ́ pa wá tán ní ìlú yìí ni? Wọ́n fi nǹkan sí i."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lára mi. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, àwọn obìnrin yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kí mi mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n yí mi ká. Wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní kí ìyá aláìsàn bọ́ síwájú kó pọnmi. Mo bọ́ síwájú, mo pọnmi mi, mo lọ sílé.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ọmọ tí inú ti run rí ní àdúgbò wa, búrẹ́dì ló fà á. Ẹlòmíràn rántí ikú tó ti ṣẹlẹ̀ kí Bàbá Nàfí tó dé àdúgbò, ó ní búrẹ́dì ni.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n wá. Àwọn ọmọ àdúgbò ni, àwọn tí mo mọ ìyá wọn. Mo dúró sí géètì wa. Wọ́n fi òòlù fọ́ ààrò. Wọ́n da ìyẹ̀fun sínú gọ́tà. Bàbá Nàfí gbá búrẹ́dì mú, ó ń bù ú sẹ́nu, ó ń pariwo pé, "Ẹ wò ó, mò ń jẹ ẹ́! Wallahi, èmi àti àwọn ọmọ mi la kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́!" Ẹnì kan tì í. Ó ṣubú lu àwọn páànù búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbara lé wọn.

Nàfí sáré wá bá mi. Kò ní ìborí lórí. "Ma, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀! Wọ́n á gbọ́ tiyín. Ẹ sọ fún wọn pé a ò ṣe nǹkan kan!"

Mo wọlé, mo sì ti ìlẹ̀kùn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó ìyókù ẹrù wọn sínú ọkọ̀, wọ́n gba Rigasa lọ, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ní òdìkejì odò. Nàfí kò wá sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. N kò bèèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, onílé tó ni ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá Nàfí lò ní kí ọkọ mi wá gbà á. Ọkọ mi gbà á. Ó ń ta ìrẹsì, mílíìkì, ọṣẹ àti bisikíìtì níbi tí ààrò wà. Mo bá a tò wọ́n sórí pẹpẹ. Ibẹ̀ la ti tọ́ Tólú dàgbà. Nígbà tí mo wá jẹ́wọ́ fún ọkọ mi, ó wo ṣọ́ọ̀bù náà títí. Ó ní, "Má sọ ọ́ títí tí màá fi kú."

Tólú ń dàgbà, ìtàn náà ń dàgbà lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn Mùsùlùmí fẹ́ fi búrẹ́dì pa mí ní kékeré." Ó fi jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ kígbe Halelúyà. Èmi náà kígbe. Ó wá di aṣáájú àwọn ọ̀dọ́. Kì í jẹun lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá ọmọ wọn ṣeré.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì rèé, ẹ jọ̀ọ́. N kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ àwọn Júù yẹn mọ́ bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tí Nàfí wà ní kíláàsì mi. Tí mo bá dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń bèèrè ohun tí àwọn Júù ṣe, mo máa ń sọ pé, "Àwọn náà ní ẹ̀bi tiwọn. Wọ́n lówó jù. Wọ́n ń ya ara wọn sọ́tọ̀ jù." Irọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ tálákà, ọ̀pọ̀ sì ń gbé pọ̀ mọ́ aládùúgbò wọn láìsí ìjà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn, ọdún dé, ọdún lọ.

Ọdún tó kọjá ni ó wá yí padà. À ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará abúlé kan tí wọ́n lé kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ọmọbìnrin kan, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í bú ènìyàn, dìde ó ní, "Ma, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Wọn kì í dédé lé ènìyàn. Ẹni tí wọ́n bá lé, ó ní ohun tó ṣe."

Àwọn yòókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mùsùlùmí mi orí, Kìrìsìtẹ́nì mi orí. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí nínú kíláàsì yẹn, irọ́ mi ni.

Mo ní kí wọ́n gbàgbé ohun tí mo ti kọ́ wọn. Mo ní mo ṣì wọ́n lọ́nà. Mo tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ogun tí wọ́n pàdánù, iṣẹ́ tó bọ́, ìwàásù àtijọ́, olóṣèlú tó ń wá agbára. Mo wá fi ọ̀kan kún un tí kò sí nínú ìwé wa. Mo ní, "Àwọn aládùúgbò wà tó mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n sọ ọ́ torí ó ṣe wọ́n láǹfààní. Ẹlòmíràn gba ilé, ẹlòmíràn gba ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn kàn fẹ́ kí wọ́n tún máa kí òun ni."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, ma?"

Mo jáde kúrò ní kíláàsì. Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo gba Rigasa lọ.

Mo bèèrè títí mo fi débẹ̀. Obìnrin kan ń ránṣọ ní iwájú ilé. Ó gbójú sókè, Hausa ló fi bi mí pé ta ni mò ń wá. Ó dá mi mọ̀ kí n tó la ẹnu. Nàfí ni. Kò kí mi. Ó kàn nawọ́ sí bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí ẹní nínú ọgbà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká wọnú, àwọn ìka kò ṣe é nà mọ́. Kò ṣe búrẹ́dì mọ́ láti ìgbà yẹn.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀rọ omi, gbogbo rẹ̀.

"Ẹ dìde, Màmá Tólú," ló ní. "Mo ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín, sà?"

"Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ wọlé."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó mi orí pé rárá. Kò pariwo.

"Kì í ṣe Rigasa lẹ ti parọ́ mọ́ mi. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ọ́. Tí ẹ bá sọ ọ́ tán níbẹ̀, kí ẹ wá bi mí ní ti ìdáríjì."

Nàfí sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló tó sọ Yorùbá sí mi. Ó ní, "Ọdún pípẹ́ ni mo fi ń wádìí ohun tí a ṣe, ma. Mo wádìí títí tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan."

Mo padà sí àdúgbò. Mo dìde ní ìpàdé àdúgbò, mo sọ ọ́. Alága ní, "Màmá Tólú, ta ló rán yín?" Mo ní kò sí ẹni tó rán mi. Ó ní, "Àwọn ọmọ yẹn ti di bàbá ọmọ. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá wá kó wọn ni?" Ìyá ọlọ́ṣẹ ní òun kò bi mí ní ìbéèrè kankan níbi ẹ̀rọ omi rí. Ẹnì kan ní ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú. Pásítọ̀ ní kí a gbàdúrà. Mo ní n kò ní gbàdúrà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Mo parí rẹ̀ lójú gbogbo wọn, àga ń ró, wọ́n ń jáde.

Wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gba ọ̀rọ̀ mi padà. N kò gbà á padà. Àwọn kan ń sọ fún mi báyìí pé wọ́n tan gbogbo wa jẹ nígbà yẹn, pé àsìkò ló burú. Ìwé tí mo fi ń kọ́ni náà sọ pé wọ́n tan àwọn ará Jámánì jẹ. Bóyá wọ́n tan àwọn kan jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Ẹnikẹ́ni kò tàn mí jẹ. Mo ní làákàyè, mo kàwé, mo gbóòórùn ẹ̀wà náà.

Ohun tó kù tí kò jẹ́ kí n sinmi ni Tólú. Ó wá bá mi nílé lẹ́yìn ìpàdé náà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀wà ni, Tólú," ni mo sọ fún un. "Ẹ̀wà tó ti kan ni. Èmi ni mo fún ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Haba, Màámi. Wọ́n ti fi nǹkan mú yín ní Rigasa. Mo rántí búrẹ́dì náà. Mo rántí bó ṣe korò lẹ́nu mi."

Kò fẹnu kan búrẹ́dì lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó rántí bó ṣe korò. Mo búra fún un. Ó ní kí n má fi orúkọ Ọlọ́run gbe àwọn apànìyàn lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, kò mú ọmọ rẹ̀ wá kí mi mọ́.

Irọ́ náà kò nílò mi mọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èmi tí mo bí i ń pè é ní irọ́, wọ́n ń pè mí ní òpùrọ́.

N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ẹni tó ni ìdáríjì náà wà ní Rigasa, ó sì ti sọ ohun tí màá ṣe. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé. Màá tún lọ sọ ọ́ níbi ẹ̀rọ omi, ní àárọ̀ Sátidé tí ìlà bá gùn, kí àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà náà lè gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá lé mi, màá padà lọ.

Ìmọ̀ràn lórí ọmọ mi nìkan ni mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnì kan nínú yín bá ti gba ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ irú ìkórìíra báyìí rí, kó sọ fún mi bó ṣe ṣe é. Kó má fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ fún mi pé kí n dákẹ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti dákẹ́ rí. Ẹ ti rí ohun tó bí.